Isaac Gogel: Oníṣòwò tí ó sọ owó orí Nẹ́dálándì di ọ̀kan

Ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì àtijọ́, ẹni tí ó bá gbé àlìkámà lọ sí ọlọ kò lè rí i lọ̀ bí kò bá kọ́kọ́ fi ìwé hàn pé òun ti san owó ìjọba lórí rẹ̀. Ọlọ́lọ tí ó bá lọ̀ ọ́ láìrí ìwé náà ti rú òfin. Bákan náà ni owó ìjọba wà lórí iyọ̀, lórí ọṣẹ, lórí ẹran tí a bá pa, àti lórí ilẹ̀ àbàtà gbígbẹ tí àwọn ará ibẹ̀ ń gé láti fi dáná nígbà òtútù. Iye owó náà kò sì dọ́gba: ó yàtọ̀ láti ẹkùn kan sí èkejì. Ọjà tí ó bá ti ẹkùn kan kọjá sí òmíràn lè tún bá agbowó-òde mìíràn pàdé, bí ẹni pé ó ti wọ ilẹ̀ àjèjì.

Ọkùnrin tí ó fi òpin sí àìdọ́gba yìí ni Isaac Jan Alexander Gogel. Oníṣòwò ni. Kì í ṣe ọmọ ọba, kì í ṣe ọ̀gágun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ àwọn ìdílé ńlá tí ń jogún ipò ní Amsterdam. Láàárín 1795 sí 1813, ìjọba dìde, ìjọba ṣubú ní ilẹ̀ náà léraléra. Iṣẹ́ Gogel wà lára ìwọ̀nba ohun tí kò bá wọn wó. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkà, nítorí orí ìbéèrè méjì tí kò tíì tán láyé ni ó dá lé. Èkíní ni pé, ta ni ó yẹ kí ó ru ẹrù ìnáwó ìlú? Èkejì ni pé, bí ó bá jẹ́ lábẹ́ àjèjì nìkan ni ènìyàn ti lè tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe, ṣé kí ó ṣe é ni, àbí kí ó fi ọwọ́ lẹ́rán?

Ọmọ ilé òwò

Ọjọ́ 10, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1765 ni wọ́n bí Gogel ní Vught, ìlú kékeré kan ní gúúsù Nẹ́dálándì. Nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó lọ sí Amsterdam láti kọ́ òwò lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò ńlá. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń kọ owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde sínú ìwé, àti bí a ṣe ń mọ gbèsè tí ó ṣeé san yàtọ̀ sí gbèsè tí yóò pa ilé òwò run. Ní 1791, òun àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ dá ilé òwò tiwọn sílẹ̀. Ojú tí ó fi ń wo ìwé owó ilé òwò náà ni ó wá fi wo ìwé owó ìlú, ohun tí ó rí níbẹ̀ kò sì tù ú nínú.

Àjọ ẹkùn méje ni orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà náà. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, òfin owó orí tirẹ̀, àti gbèsè tirẹ̀. Bí ogun bá dé, wọn a pín ìnáwó rẹ̀ láàárín ara wọn gẹ́gẹ́ bí ìdá tí àwọn bàbá ńlá wọn ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ẹkùn Hólàńdì, níbi tí Amsterdam wà, nìkan ṣoṣo ni ó ń san ju ìdajì lọ. Òun ni ó lọ́rọ̀ jù, ìdí nìyí tí àwọn àjèjì fi sọ orúkọ rẹ̀ di orúkọ gbogbo ilẹ̀ náà. Àwọn ẹkùn yòókù a máa fi ìdá tiwọn falẹ̀, wọn a sì máa ráhùn pé ó pọ̀ jù fún àwọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n àwọn ọwọ́ méje yìí kò fẹ́ pàdé.

Nínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan pàápàá, ẹrù náà kò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣòfin jẹ́ ọlọ́rọ̀ tí ó ti yá ìjọba lówó tí wọ́n sì ń gba èlé lórí rẹ̀. Lára owó orí búrẹ́dì àti iyọ̀ tí tálákà ń san ni èlé náà ti ń jáde. Ní 1748, kí a tó bí Gogel, inú bí àwọn ará ìlú ní Hólàńdì débi pé wọ́n ya wọ ilé àwọn tí ó ti ra ẹ̀tọ́ láti máa gba owó orí lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì bà á jẹ́. Nítorí ìjà yẹn ni Hólàńdì ṣe fòpin sí ríra ẹ̀tọ́ náà. Owó orí búrẹ́dì ní tirẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Òmìnira tí a fi owó rà

Láti 1780 sí 1784, àwọn ará Nẹ́dálándì bá Gẹ̀ẹ́sì jagun, ogun náà sì ba òwò ojú òkun wọn jẹ́ gidigidi. Àwọn ènìyàn tí ń pe ara wọn ní Olùfẹ́ Ilẹ̀ Bàbá dìde láti bèèrè àtúnṣe. Ní 1787, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Prọ́ṣíà wọ ilẹ̀ náà, wọ́n tẹ̀ wọ́n rì, wọ́n sì gbé olórí àtijọ́, Guillaume Karùn-ún, padà sípò rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Gogel nígbà náà, ti Olùfẹ́ Ilẹ̀ Bàbá ni ó sì ń ṣe. Nígbà tí ó fi máa di 1794, ó ti wà lára àwọn ará Amsterdam tí ń pàdé ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n sì ń bá àwọn Faransé sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n gbà pé agbára tiwọn nìkan kò tó láti yí ìjọba padà.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1795, òtútù mú débi pé àwọn odò ńlá dì gbagidi, àwọn ọmọ ogun Faransé sì fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lórí wọn. Guillaume sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí Orílẹ̀-èdè Olómìnira ti Batavia ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù Èbìbì ọdún kan náà, ní La Haye, Faransé sọ iye tí òmìnira náà yóò ná wọn: 100 mílíọ̀nù fìlórínì, pẹ̀lú bíbọ́ 25.000 ọmọ ogun Faransé lórí ilẹ̀ wọn. Báyìí ni gbèsè tuntun gun orí gbèsè àtijọ́, nígbà tí kò sí àpò kan ṣoṣo tí a ti lè san án. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó ní dúkìá, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi sú wọn.

Àríyànjiyàn ńlá wáyé ní ilé ìgbìmọ̀. Àwọn kan fẹ́ kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan di àpò rẹ̀ mú. Àwọn mìíràn fẹ́ orílẹ̀-èdè kan, òfin kan, gbèsè kan. Ẹgbẹ́ kejì yìí ni Gogel wà. Òun àti Willem Anthonie Ockerse jọ ń tẹ ìwé ìròyìn kan jáde láti 1796, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ De Democraten, níbi tí wọ́n ti ń gbèjà ìṣọ̀kan náà. Lójú tirẹ̀, ìṣọ̀kan tí kò bá dé inú àpò kò tíì di ìṣọ̀kan.

Mínísítà ọmọ ọdún 32

Ní ọjọ́ 22, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1798, àwọn tí ó fẹ́ ìṣọ̀kan fi agbára gba ìjọba. Wọ́n fi Gogel ṣe olùdarí ètò ìṣúná. Ọmọ ọdún 32 ni. Ní oṣù Igbe, òfin ìpìlẹ̀ tuntun so gbogbo gbèsè àwọn ẹkùn pọ̀ di gbèsè orílẹ̀-èdè kan. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn tí ó gba ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo agbára bí ó ti wù wọ́n. Ní ọjọ́ 12, oṣù Òkúdù, ọdún kan náà, wọ́n tún lé àwọn náà lọ. Gogel wà lára àwọn tí ó dìde sí wọn pẹ̀lú ọ̀gágun Daendels, ó sì padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn náà rọlẹ̀.

Ní àárín wàhálà owó yìí ni ó ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò ní rò pé yóò ti ọwọ́ mínísítà ìṣúná wá. Àwọn àwòrán olówó iyebíye tí Guillaume fi sílẹ̀ nígbà tí ó sá lọ wà nínú ewu títúká. Gogel dá a lábàá pé kí a kó wọn jọ sí ibi kan tí gbogbo ará ìlú yóò ti lè wò wọ́n. Ní ọjọ́ 31, oṣù Èbìbì, ọdún 1800, ilé àwòrán orílẹ̀-èdè náà ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Huis ten Bosch, lẹ́bàá La Haye. Àwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n rà fún un jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Jan Asselijn. Ẹyẹ omi funfun ọlọ́rùn gígùn tí Faransé ń pè ní cygne ni ó wà nínú rẹ̀, tí ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì láti dáàbò bo ẹyin rẹ̀ lọ́wọ́ ajá. Ẹnìkan ti kọ ọ̀rọ̀ sí ara àwòrán náà lẹ́yìn ikú ayàwòrán, tí ó sọ ẹyẹ náà di Johan de Witt, olóṣèlú àtijọ́ tí ó dáàbò bo ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. 100 fìlórínì ni wọ́n rà á. Ilé àwòrán yẹn ni ó dàgbà di Rijksmuseum tí ó wà ní Amsterdam lónìí, àwòrán náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó orí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ó gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí owó orí jẹ́ bákan náà ní gbogbo ilẹ̀, kí ó sì máa wọ̀n pẹ̀lú agbára ẹni tí ń san án. Àwọn ẹkùn tí owó orí tiwọn fúyẹ́ tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ fi ọwọ́ sí i ní 1801, ìjọba tún yí padà ní ọdún kan náà; àwọn tí ó dé dá púpọ̀ nínú agbára padà fún àwọn ẹkùn, òfin Gogel kò sì rí ìmọ́lẹ̀. Ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, ó padà sí ìdí òwò rẹ̀.

Òfin tí ó dúró

Ọdún mẹ́rin ni ìjọba tuntun fi gbìyànjú láti fi àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ san gbèsè àpapọ̀. Kò bọ́ sí i. Ní 1805, Napoléon fẹ́ ìjọba tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Nẹ́dálándì, ó sì fọwọ́ sí i kí Rutger Jan Schimmelpenninck di olórí. Schimmelpenninck ránṣẹ́ pe Gogel. Oníṣòwò náà padà pẹ̀lú ètò kan náà tí wọ́n ti dà nù. Láàárín oṣù díẹ̀, ó di òfin, àti ní ọjọ́ kìíní, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1806, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn ilẹ̀ náà, ẹni tí ń gbé ní àríwá àti ẹni tí ń gbé ní gúúsù ń san owó orí kan náà lábẹ́ òfin kan náà.

Báwo ni òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Ó mú owó lórí ilẹ̀ àti ilé. Ó wo iye owó tí ilé tí ènìyàn ń gbé lè mú wá bí a bá fi háyà, ó wo ohun èlò inú ilé, ó wo iye ọmọ ọ̀dọ̀ àti iye ẹṣin tí ó ní. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ènìyàn lè fi owó pamọ́, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti fi ilé ńlá, ẹṣin àti ìránṣẹ́ pamọ́. Owó wà lórí ogún pẹ̀lú, àti lórí ìwé àdéhùn tí a ní láti lu òǹtẹ̀ ìjọba. Oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò ń gba ìwé àṣẹ ọdọọdún tí ó wọ̀n pẹ̀lú òwò wọn. Àwọn oníṣòwò wa ní Porto-Novo àti ní Kétu mọ orúkọ irú owó bẹ́ẹ̀ dáadáa: patente ni, orúkọ tí àwọn Faransé ti ń lò láti 1791, tí Nẹ́dálándì gbà, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ tiwa lẹ́yìn náà nígbà ìjọba amúnisìn.

Gogel mọ̀ pẹ̀lú pé òfin rere lọ́wọ́ agbowó búburú kò yàtọ̀ sí àgbẹ̀ tí ó gbé àpò tó ti lu lọ sóko ìkórè. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń gba owó oṣù ni ó fi sí ìdí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá wà lórí wọn, alábẹ̀wò wà lórí ọ̀gá, ìwé ìṣirò sì ń ti ọ̀dọ̀ wọn dé La Haye. Owó ibodè tí ẹkùn kan ń gbà lọ́wọ́ èkejì dópin. Owó tí ń wọ àpò ìjọba pọ̀ sí i.

Bí ó ti wù kí ó rí, òdodo ni kí a sọ. Owó orí oúnjẹ kò kúrò. Ìyẹ̀fun, iyọ̀, ọṣẹ, ẹran àti ohun ìdáná ṣì wà nínú òfin 1806. Gogel fẹ́ kí ọlọ́rọ̀ máa ru ẹrù tí ó pọ̀ sí i, ó sì gbé díẹ̀ lára ẹrù náà lé wọn lórí ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n gbèsè pọ̀, Faransé kò sì yéé bèèrè. Bí ó bá fi búrẹ́dì sílẹ̀ láìgba nǹkan lórí rẹ̀, èlé gbèsè kò ní ṣeé san. Fún obìnrin tí ó gbé àlìkámà lọ sí ọlọ ní 1806, ohun tí ó yí padà ni pé aládùúgbò rẹ̀ ní ẹkùn kejì ń san iye kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré, àmọ́ kò sọ búrẹ́dì di ọ̀pọ̀.

Ìránṣẹ́ àjèjì?

Ní oṣù Òkúdù ọdún 1806, Napoléon fi àbúrò rẹ̀, Louis Bonaparte, jọba lórí ilẹ̀ náà. Gogel tí ó ti fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ bá ìjọba ìdílé kan ṣoṣo jà wá di mínísítà ọba. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan rí i bí ìtìjú. Lójú tirẹ̀, òfin náà ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Bí òun bá fi í sílẹ̀, wọn yóò pa á. Ọba Louis fẹ́ràn àwọn ará ìlú, ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ràn ààfin àti oyè. Ní 1808, ó sọ gbọ̀ngàn ìlú Amsterdam di ààfin rẹ̀. Mínísítà tí ń ka gbogbo fìlórínì kò lè bá irú ọba bẹ́ẹ̀ rìn pẹ́. Ní 1809, Gogel fi ipò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, Napoléon mú ìjọba kúrò lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó sì sọ Nẹ́dálándì di apá kan ilẹ̀ Faransé. Ó pàṣẹ pé ìdá kan nínú mẹ́ta èlé gbèsè ìjọba nìkan ni a ó máa san. Àwọn ọlọ́rọ̀ pàdánù, ṣùgbọ́n àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí àti ilé ìtọ́jú tálákà tí ó ti kó owó wọn sínú gbèsè náà ni ó dùn jù. Ó ti pẹ́ tí Gogel ti ń tiraka kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ má baà dé. Síbẹ̀, nígbà tí Napoléon fi í ṣe alábòójútó àgbà fún ètò ìṣúná ní Hólàńdì, ó gbà. Ibí yìí ni àwọn tí ń dá a lẹ́bi ti ń rí ọ̀rọ̀ sọ jù. Kò sí orílẹ̀-èdè mọ́ tí ó lè sọ pé òun ń tún ṣe. Ti ọba àjèjì ni ó ń bójú tó. Ó wà nípò náà fún ọdún mẹ́ta, nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ń kú lójú ogun Napoléon, tí àwọn ọkọ̀ òkun sì dúró lásán ní èbúté.

Ní oṣù Bélú ọdún 1813, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoléon ní Leipzig, àwọn ará Amsterdam dìde, wọ́n dáná sun àwọn ilé agbowó-ibodè Faransé. Ọwọ́ epo ni aráyé ń bá ni lá. Nígbà tí ó di ti ẹ̀jẹ̀, Gogel kò rí ẹni tí yóò dúró tì í. Ó bá àwọn Faransé sá lọ sí Paris.

Ìgbà tí ọ̀tá rẹ̀ lo òfin rẹ̀

Ọmọ Guillaume Karùn-ún padà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọba pẹ̀lú orúkọ Guillaume Kìn-ín-ní. Ìdílé tí Gogel bá jà láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó padà wọ ààfin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ẹkùn méje yóò gba àpò wọn padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọba tuntun rí i pé orílẹ̀-èdè tí ó ní àpò kan rọrùn láti darí ju èyí tí ó ní méje lọ. Ó mú púpọ̀ nínú owó orí àwọn Faransé kúrò, ó sì dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú ètò Gogel padà.

Gogel náà padà sílé ní 1814. Wọ́n fẹ́ lo ọgbọ́n rẹ̀ nínú ìjọba, ó kọ̀. Ó ti sin olórí púpọ̀ jù. Ó fìdí kalẹ̀ ní Overveen, lẹ́bàá Haarlem, níbi tí ó ti ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe búlúù tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń mú aṣọ funfun dán. Ọ̀nà òwò tí ó bá wọ ayé ìjọba ni ó bá jáde. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 13, oṣù Òkúdù, ọdún 1821, ní ẹni ọdún 55. Ní 1844, ọmọ rẹ̀ kó àwọn ìwé àti lẹ́tà rẹ̀ jọ, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè fúnra wọn ṣe ìdájọ́.

Ohun tí Gogel kò lè ṣe gba ọdún púpọ̀ kí àwọn mìíràn tó ṣe é. Ní 1855 ni wọ́n tó mú owó orí ìjọba kúrò lórí ìyẹ̀fun. Nígbà tí ó di 1892 àti 1893, Nicolaas Pierson, tí òun náà ti jẹ́ ọ̀gá báńkì kí ó tó di mínísítà, fi owó orí lé ọrọ̀ àti èrè òwò. Àwọn méjèèjì lè ṣe é nítorí pé orílẹ̀-èdè kan wà tí ó ní ìwé ìṣirò kan, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Gogel da omi náà, àwọn mìíràn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni, àbí olùfẹ́ ilẹ̀ bàbá? Àwọn ọdún mẹ́ta ìkẹyìn yẹn kò ṣeé pa rẹ́ nínú ìwé ìṣirò rẹ̀, kò sì yẹ kí a pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n oníṣòwò gidi kì í ka ojú ìwé kan ṣoṣo kí ó tó sọ pé ilé òwò jèrè tàbí pé ó pàdánù. Ní apá kejì ìwé náà, a rí àwòrán tí gbogbo ènìyàn lè wò, a rí òfin kan fún gbogbo ẹkùn, a sì rí obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ọlọ, tí kò ní san ju ẹnikẹ́ni lọ mọ́ nítorí apá odò tí wọ́n bí i sí.